Ta Ló Tọ́ Ọ? Ìtàn Ọmọ Títọ́ Láàrin Àwa Yorùbá Òkè Ọya

  

Àwọn ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìtàn díẹ̀ sínú ìwé ọdún yìí. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa retí pé n ó kọ nípa bí àwọn bàbá wa ṣe dé Jọ́s, ẹni tó kọ́kọ́ kọ́lé, àti ẹni tó kọ́kọ́ ṣe olórí ẹgbẹ́. Ìyẹn ti jáde nínú àwọn ìwé wa àtẹ̀yìnwá. Èyí tí n kò tíì rí kí ẹnikẹ́ni kọ ni ìtàn àwọn tó tọ́ ọmọ tí wọn kò bí. Bẹ́ẹ̀, bí a bá ní kí gbogbo ẹni tó jẹ́ pé ìyá tàbí bàbá mìíràn ló tọ́ ọ dìde nínú gbọ̀ngàn yìí, àga tó máa ṣófo kò ní kéré. Èmi náà yóò wà lára àwọn tó dìde.

Bí Mo Ṣe Dé Jọ́s

Ọ̀fà ni wọ́n bí mi sí ní 1955. Bàbá mi kú ní 1961. Ọmọ mẹ́ta ló fi sílẹ̀, ẹ̀kẹrin wà nínú oyún. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ẹbí jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n pín wa. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ sí Ìkìrun lọ́dọ̀ ẹbí ìyá wa. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin dúró lọ́dọ̀ àbúrò bàbá wa nílé. Èmi bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó ń ta ẹ̀lùbọ́ àti ẹ̀wà ní Jọ́s. Oyún inú rẹ̀ nìkan ló kù fún ìyá mi.

Ní 1962, ẹ̀gbọ́n ìyá mi wá mú mi, a wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ọ̀fà. A kọjá Jẹ́bà, a kọjá Mínnà, a sọ̀ kalẹ̀ ní Kàdúná, a wọ òmíràn tó gba Káfáńṣán lọ sí Jọ́s. Òtútù tó pàdé mi nígbà tí a dé, n kò mọ irú rẹ̀ rí. Ìyá Àgbà, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń pè é títí ó fi kú, tú gèlè orí rẹ̀, ó fi bò mí léjìká. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ó pè mí jókòó, ó ní: "Ìyá rẹ wà ní Ọ̀fà. Èmi kì í ṣe ìyá rẹ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí. Ohun tó yẹ kó máa ṣe fún ọ níbí, èmi ni n ó máa bá a ṣe é."

Mo ti ka ìwé díẹ̀ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé iṣẹ́ alágbàtọ́ tó yé mi ju ìyẹn lọ. Kò gba ìyá mi lọ́wọ́ mi. Kò sì fi mí sípò àlejò.

Ohun Tí A Bá Nílẹ̀

Àwọn baba wa ní ojú mẹ́rin ní ń bí ọmọ, igba ojú ní ń wò ó. Wọn kò sọ ọ́ lásán. Nígbà tí ikú ń pa abiyamọ níkùnlẹ̀, tí ogun ń kó ìlú, agboolé tí kò bá ní ètò fún ọmọ òrukàn yóò pàdánù ọmọ púpọ̀. Ẹ wo inú orúkọ wa. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú lórí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Jọ́hòjọ́. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú nígbà tí wọ́n bí i ni wọ́n ń sọ ní Babárímisá. Àlùfáà Samuel Johnson ka irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, èyí tí àbúrò rẹ̀ ṣàtúntò, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìlú tó ti ní orúkọ sílẹ̀ fún ọmọ aláìníyàá ti mọ̀ pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò wà, ó sì ti mọ̀ pé ẹnìkan yóò gbé e pọ̀n.

Òpó ṣíṣú náà wà. Bí ọkùnrin bá kú, àbúrò rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn nínú ẹbí lè ṣú aya rẹ̀ lópó. Lónìí a rí àléébù inú àṣà yìí, pàápàá bí wọn kò bá bi obìnrin náà léèrè ohun tó fẹ́. Ṣùgbọ́n lára ohun tí wọ́n fi gbé e kalẹ̀ ni pé kí àwọn ọmọ má ṣe kúrò nínú agboolé bàbá wọn.

Kí a má parọ́ fún ara wa ṣá, kì í ṣe gbogbo ọmọ tó ń gbé ilé onílé ni wọ́n fi ìfẹ́ gbà síbẹ̀. Ìwọ̀fà wà. Bí bàbá bá jẹ gbèsè, ó lè fi ọmọ rẹ̀ sọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe ni èlé owó, owó gan-an dúró bó ṣe wà títí wọn yóò fi san án. Johnson ṣàlàyé èyí náà kíkún nínú ìwé rẹ̀. Ìjọba òyìnbó gbógun ti ìwọ̀fà láàrin àwọn ọdún 1920 sí 1940, ó sì kásẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n mú wá láti abúlé, tó ń gbálẹ̀, tó ń kiri ọjà, tí kò lọ sílé ẹ̀kọ́, tí wọ́n ń fi owó oṣù rẹ̀ ránṣẹ́ sílé, kí ni a fẹ́ pè é? Àgbàtọ́ àti ìwọ̀fà jọ ń gbé inú ilé kan náà látijọ́. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìwà onílé ló ń fi ìyàtọ̀ hàn.

Ogun àti Ìwé

Ní 1821, wọ́n kó ọmọdékùnrin kan lẹ́rú ní Òṣoògùn. Àjàyí ni orúkọ rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n gbé e lọ sí Sàró. Àwọn tí kò bá a tan rárá ló kọ́ ọ ní ìwé àti iṣẹ́ káfíńtà níbẹ̀. A mọ ohun tó dà, Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí a rántí ni pé ní 1846, lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, ó tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ẹni tí ẹlòmíràn tọ́ kì í gbàgbé ẹni tó bí i, bó ti wù kí ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn tó.

Ní Ìbàdàn, David Hinderer àti ìyàwó rẹ̀ Anna wá gbé ní 1853. Kò pẹ́ tí Olóyè Olúnlóyọ̀ fi ọmọ rẹ̀ méjì, Akínyẹlé àti Yéjídé, sọ́dọ̀ wọn pé kí wọ́n kọ́ ìwé. Ilé àwọn Hinderer ní Kúdẹtì wá kún fún ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà etíkun dí, owó wọn kò wọlé mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun èlò ilé wọn kí wọ́n lè rí oúnjẹ fún àwọn ọmọ. Nígbà tí mo ka èyí nínú ìtàn wọn, àwọn ìyá àgbà tí mo mọ̀ ní àdúgbò wa ni mo rántí, àwọn tó ta aṣọ òkè wọn láti fi san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ọmọ wọn. Alágbàtọ́ kì í sábà pariwo. Ìgbà tí ẹrù inú ilé bá ń dín kù ni a máa ń mọ̀.

Ojú Irin, Ilé Ẹ̀kọ́ àti Gánà

Ohun tó kó àwa Yorùbá dé orí òkè yìí kò ṣàjèjì sí wa: iṣẹ́ kùsà àti ọjà. Ojú irin kékeré tó wá láti Sáríà dé Bùkúrù ní 1914. Èyí tó ti Port Harcourt wá gba Káfáńṣán dé Jọ́s ní 1927. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin àti àwọn ìlú mìíràn bá a wá, wọ́n sì ń mú ọmọ ẹbí dání. Ọmọ kan wá láti kọ́ òwò, òmíràn wá láti kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, òmíràn wá nítorí bàbá rẹ̀ ti kú, bíi tèmi.

Ọmọ kì í wá sí òkè nìkan, wọ́n tún ń padà sísàlẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fà kò jẹ nínú rẹ̀ nítorí pé abẹ́ ìjọba Àríwá ni a wà nígbà náà. Ìkìrun tí kò jìnnà sí wa wà lábẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ síbẹ̀. Wọ́n fi ààlà ìjọba pín àwa ọmọ ìyá kan náà, ẹbí sì fi àgbàtọ́ fò ó kọjá. Ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ọmọ kalẹ̀ ní 1976 ni ìyàtọ̀ náà tó kúrò.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Dókítà Kofi Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn èèyàn wa tó ti gbé ibẹ̀ láti ọdún pípẹ́ kó ẹrù, wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí. Kí ọdún náà tó parí, ọmọkùnrin kan láti Kùmásí ti wà lórí ẹní mi. Ọmọ àbúrò bàbá mi ni. Kò gbọ́ Yorùbá dáadáa, Twi ló ń sọ. Ìyá Àgbà kò ní ẹní kẹta, bẹ́ẹ̀ ni ọjà kò tà dáadáa nítorí ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó lè gbà á. Wọ́n kàn mú un wá ni. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i tó ń sunkún, nínú ilé ìdáná, níbi tó rò pé ẹnikẹ́ni kò rí i.

Mo mú èyí wá nítorí pé a máa ń yin alágbàtọ́ nígbà tí ọmọ bá ti yege. Ọjọ́ tí wọ́n gbé ọmọ náà dé, a kì í bèèrè pé kí ló kù nínú ìkòkò rẹ̀.

Àwọn Tiwa ní Ìlú Òyìnbó

Láàrin àwọn ọdún 1950 sí 1970 àti díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n sì ń kàwé, fi ọmọ wọn sọ́dọ̀ ìdílé òyìnbó tí wọn kò mọ̀ rí. Wọ́n ń fi ìkéde sínú ìwé ìròyìn Nursery World láti wá alágbàtọ́, wọ́n sì ń san owó ọ̀sẹ̀. Lójú wọn, ohun tí wọ́n ti ń ṣe nílé náà ni. Ṣùgbọ́n nílé, igba ojú ń wo alágbàtọ́. Níbẹ̀, ojú kan ṣoṣo ni. Àwọn ọmọ kan rí ìtọ́jú àti ìfẹ́. Àwọn mìíràn dàgbà láìmọ èdè, láìmọ ẹbí, wọ́n sì kórìíra àwọ̀ ara wọn. Òṣèré Adewale Akinnuoye-Agbaje, ọmọ Yorùbá tí wọ́n tọ́ bẹ́ẹ̀, fi ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ ṣe fíìmù Farming ní 2018.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà lọ́hùn-ún, ẹ bá mi sọ fún wọn: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún yóò bá gbé lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe ìbátan tó sún mọ́ ọn fún ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó di dandan kí wọ́n fi tó ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ létí. Ọ̀rẹ́ ìyá ọmọ, bó ti wù kó jẹ́ ọmọ ìlú wa tó, kì í ṣe ìbátan lójú òfin wọn.

Ẹ̀bi Tèmi

Ó wù mí kí n fò ó, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ ìtàn mọ́ bí mo bá kọ ẹ̀bi gbogbo ayé tí mo fi tèmi sílẹ̀.

Ní ọjọ́ keje oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Jọ́s. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ìbátan mi kan pàdánù ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti gbogbo ohun tó ní. Ó padà sílé láti bẹ̀rẹ̀ ayé ọ̀tun, ó sì bẹ̀ mí kí n gba ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá, kí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ má bàa dàrú. Mo gbà á. Mo rò pé mo ń san oore tí Ìyá Àgbà ṣe fún mi.

Àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni. Mo fi òun sí ti ìjọba, mo ní owó kò tó. Àwọn ọmọ mi ń ka ìwé lálẹ́, òun ń fọ abọ́. Òun ló ń pọnmi kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò sí ẹni tó nà án, kò sí ẹni tó febi pa á, nítorí náà ọkàn mi balẹ̀. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kò ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí á fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Èmi fi òwe náà ṣe ìrọ̀rí, mo sùn lé e lórí.

Ní 2003, àlejò kan bi àbíkẹ́yìn mi pé ọmọ mélòó ni wọ́n nílé. Ó dáhùn pé: "Àwa mẹ́ta, àti ẹni tó ń bá wa fọ abọ́." Mo wà nínú yàrá, mo gbọ́ ọ. Ọmọ náà kò bú ẹnikẹ́ni. Ohun tó rí lójú èmi bàbá rẹ̀ ló kà jáde.

A yí nǹkan padà lọ́sẹ̀ náà. A pín iṣẹ́ ilé fún ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì wá olùkọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ọdún méjì ti lọ, ó tún kíláàsì kan kà kó tó bá ẹgbẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni lónìí, ó sì ti ní ilé tirẹ̀. Nígbà tí mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní: "Dádì, ó ti pẹ́." Kò sọ pé òun ti gbàgbé.

Ohun Tó Yẹ Kí A Mọ̀

Òfin ti wọ ọ̀rọ̀ yìí. Ìjọba àpapọ̀ ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ní 2003, Ìpínlẹ̀ Plateau sì ṣe tirẹ̀ ní 2005. Ohun tí mo fẹ́ kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú lọ sílé nìyí:

1. Àgbàtọ́ àti ìsọdọmọ kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí ilé ẹjọ́ bá fọwọ́ sí i pé o sọ ọmọ di tìrẹ, ẹ̀tọ́ àwọn òbí àkọ́kọ́ lórí rẹ̀ ti parí nìyẹn. Alágbàtọ́ kò gba ọmọ lọ́wọ́ òbí. Ẹni tó bá fẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì ní ìlànà òfin, kí ó lọ sí ọ́fíìsì àwọn oníṣẹ́ ìdẹ̀ra ará ìlú, kí ó má gba ọ̀nà ẹ̀yìn.

2. Ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ gbọ́dọ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́. Òfin ẹ̀kọ́ ti 2004 kò dá ẹni tó bí ọmọ nìkan lẹ́bi. Ẹni tí ọmọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ náà yóò dáhùn.

3. Òfin tó de fífi ènìyàn ṣòwò, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2015, kò gbà kí a fi ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìlá ṣe ọmọ ọ̀dọ̀.

4. Ọjọ́ tí ọmọ bá dé ni kí o gba ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀, ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, àti àlàyé nípa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, bóyá AA ni, AS tàbí SS. Gba lẹ́tà tí òbí tàbí olórí ẹbí fọwọ́ sí, pé ìwọ ni ọmọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, tí nọ́ńbà fóònù sì wà nínú rẹ̀. Bí àìsàn bá dé lóru, lẹ́tà yẹn yóò wúlò fún ọ.

5. Kí ẹbí sọ̀rọ̀ owó kí ọmọ tó wọkọ̀. Ta ni yóò san owó ilé ẹ̀kọ́? Ìgbà wo ni ọmọ yóò lọ wo ìyá rẹ̀? Ẹni tó bá ní ìtìjú kò jẹ́ kí òun bèèrè, ìjà ló ń gbìn sílẹ̀.

6. Má ṣe ba orúkọ òbí ọmọ jẹ́ létí rẹ̀, kódà bí wọn kò bá fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí ẹgbẹ́ wa. A ní owó fún ìsìnkú, a ní owó fún ìgbéyàwó. Ẹ jẹ́ kí a ní ìwé kan lọ́dọ̀ akọ̀wé, tí a ó kọ orúkọ gbogbo alágbàtọ́ inú ẹgbẹ́ sí, pàápàá àwọn ìyá àgbà. Kí èèyàn méjì máa bẹ̀ wọ́n wò lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, kí wọ́n wo alágbàtọ́, kí wọ́n sì bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ lóun nìkan. Ìgbà tí a bá ń ra ìwé fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́, kí a ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Igba ojú tí àwọn baba wa wí, ẹgbẹ́ ló kù tó lè ṣe é fún wa nílẹ̀ àjò.

Ní 1983, nígbà tí mò ń gbéyàwó ní Ọ̀fà, alága ìdúró ní kí ìyá ọkọ wá jókòó. Ìyá mi dìde, ó dé iwájú, kò jókòó. Ó padà sẹ́yìn gbọ̀ngàn, ó di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó fà á wá síwájú, ó sì ní kí wọ́n gbé àga kejì wá. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó rí àga. Gbogbo wa dúró títí wọ́n fi gbé e dé.

Kí Ọlọ́run tẹ́ àwọn tó tọ́ wa sí afẹ́fẹ́ rere. Àwọn tó ṣì wà láàyè, kí ọwọ́ wọn tó iṣẹ́ náà.